Ọmọ Ta Ni? Agbára Òṣìṣẹ́ Wẹ́fíà Lórí Ọmọ, Láti Ọdún 1943 Dé 2003

Bí ọmọ kan tí ń gbé lọ́dọ̀ ìyá àti bàbá rẹ̀ bá ń ṣàìsàn, tí dókítà sì ní àfi kí wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ fún un, gbogbo ènìyàn ló mọ ẹni tí yóò tọwọ́ bọ ìwé. Bí ó bá ṣẹ̀ ní ilé-ìwé, a mọ ẹni tí olùkọ́ yóò ránṣẹ́ pè. Bí ilẹ̀ bá ṣú tí kò tíì wọlé, a mọ ẹni tí yóò gbé iná jáde láti wá a lọ. Bí ọmọ náà bá wá wà ní ilé tí ìjọba ti ń tọ́jú ọmọ ńkọ́? Ta ni yóò tọwọ́ bọ ìwé? Ta ló lè ní kí ó máa lọ sílé, ta ló sì lè ní kí ó dúró? Bí ẹni náà bá ṣi agbára rẹ̀ lò, ta ni yóò bi í?

Ìbéèrè yìí kì í ṣe ti òní. Ó ti lé ní ọgọ́rin ọdún tí òfin ti ń wá ìdáhùn sí i ní ilẹ̀ wa. Nínú àròkọ yìí, mo fẹ́ tọ ipasẹ̀ ìdáhùn náà láti ìgbà tí ìjọba amúnisìn ṣe òfin àwọn ọmọdé ní 1943, títí dé Òfin Ẹ̀tọ́ Ọmọ ti 2003. Ẹ̀kọ́ kan ṣoṣo ni mo rí kọ́ nínú rẹ̀: agbára àyálò ni agbára tí òṣìṣẹ́ ìjọba ní lórí ọmọ tó wà ní ilé ìtọ́jú. Òfin ló yá a, ilé-ẹjọ́ ló fi lé e lọ́wọ́, ọjọ́ sì ń bọ̀ tí yóò dá a padà. Níbi tí wọ́n bá ti rántí pé àyálò ni, ọmọ a rí ààbò. Níbi tí wọ́n bá ti gbàgbé, ààbò a di àhámọ́.

Kí òfin tó dé

Àwọn àgbà ní ojú mẹ́rin ló ń bí ọmọ, igba ojú ló ń tọ́ ọ. Ní agbo ilé Yorùbá, ọmọ tí òbí rẹ̀ kú kì í di ọmọ ìjọba. Ìyá-ìyá rẹ̀ lè mú un, àbúrò bàbá rẹ̀ lè mú un. Ọmọ tí òbí rẹ̀ wà láàyè pàápàá lè dàgbà sọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ̀ ní ìlú mìíràn, kí ó máa kọ́ṣẹ́ níbẹ̀ tàbí kí ó máa bá a tajà. Bí ẹni tó gbà á bá ń fi ìyà jẹ ẹ́, ẹjọ́ náà yóò dé iwájú baálé. Bí baálé kò bá lè parí rẹ̀, yóò dé ọ̀dọ̀ ìjòyè.

Kì í ṣe pé gbogbo rẹ̀ dára. A mọ̀ pé wọ́n ń fi ọmọ ṣe ìwọ̀fà nítorí gbèsè, ọmọ bẹ́ẹ̀ a sì máa ṣiṣẹ́ fún olówó títí di ọjọ́ tí ẹni tó yá owó bá san án. Síbẹ̀, ohun kan dájú: àwọn tó lè béèrè ọmọ náà pọ̀, wọ́n sì mọ ilé tó wà.

Ní Èkó, ètò yìí bẹ̀rẹ̀ sí í já. Ojú irin tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ ní 1896 dé Ìbàdàn ní 1901, lẹ́yìn náà ó kọjá lọ sí Òkè Ọya. Iṣẹ́ wà ní èbúté, owó ń wọlé ní ọjà, òkìkí Èkó sì ń kàn. Ọ̀pọ̀ ọmọkùnrin wá síbẹ̀ láìsí ẹbí kankan tí yóò gbà wọ́n sílé. Nígbà tí ọrọ̀ ajé dẹnu kọlẹ̀ ní ẹ̀wádún 1930, tí ogun àgbáyé kejì sì tún bẹ́ sílẹ̀ ní 1939, iye wọn pọ̀ sí i. Àwọn kan ń sùn ní ọjà àti ní ìdíkọ̀. Àwọn kan ń ru ẹrù, àwọn kan ń jalè. Àwọn mìíràn ń mú àwọn awakọ̀ òkun àti sójà lọ sí ilé àwọn aṣẹ́wó kí wọ́n lè rí owó díẹ̀ gbà. Irú àwọn wọ̀nyí ni ìwé ìròyìn ìgbà náà ń pè ní “boma boys”.

Ìdáhùn ìjọba sí ọ̀rọ̀ wọn kò ju ẹgba, owó ìtanràn àti ẹ̀wọ̀n lọ fún ìgbà pípẹ́. Ilé-ẹ̀kọ́ kan wà ní Enugu ní ẹ̀wádún 1930 fún àwọn ọmọkùnrin tó ṣẹ̀ sí òfin, ṣùgbọ́n ẹ̀ka ọgbà ẹ̀wọ̀n ló ń ṣàkóso rẹ̀. Ọmọ tó jí búrẹ́dì ní Èkó lè bá ara rẹ̀ ní ọgbà kan náà pẹ̀lú àgbàlagbà tó fọ́lé. Ẹ̀yin olùkọ́ àti òbí, ẹ mọ irú ẹ̀kọ́ tí ọmọ yóò kọ́ níbẹ̀.

Òfin ti ọdún 1943

Ní ìbẹ̀rẹ̀ ẹ̀wádún 1940, ìjọba yan Donald Faulkner, ọmọ Britain kan tó ti bá ẹ̀ka ọgbà ẹ̀wọ̀n ṣiṣẹ́ rí, láti jẹ́ òṣìṣẹ́ àkọ́kọ́ tí yóò máa bójú tó ọ̀rọ̀ àwọn ọmọdé ní Èkó. Ọ́fíìsì irú iṣẹ́ yìí ni àwọn ará ìlú ń pè ní Wẹ́fíà. Faulkner wádìí bí àwọn ọmọ tó ń sùn níta ṣe ń gbé, ó sì kọ ìròyìn fún ìjọba. Ohun tó ń sọ ni pé ẹ̀wọ̀n kọ́ ni ó yẹ ọmọ. Ilé, ilé-ìwé, iṣẹ́ ọwọ́ àti ẹni tí yóò máa ṣọ́ ọ ni ó yẹ ẹ́.

Ní 1943, ìjọba ṣe Òfin Àwọn Ọmọdé àti Ọ̀dọ́. Láti inú òfin tí Britain ti ṣe fún àwọn ọmọ tirẹ̀ ní 1908 àti 1933 ni wọ́n ti mú àpẹẹrẹ rẹ̀. Òfin náà pe ẹni tí kò tíì pé ọdún 14 ní ọmọdé, ó sì pe ẹni tó ti pé 14 ṣùgbọ́n tí kò tíì pé 17 ní ọ̀dọ́. Ó dá kóòtù àwọn ọmọdé sílẹ̀. Kóòtù yìí kò gbọdọ̀ jókòó ní ibi kan náà àti àkókò kan náà pẹ̀lú kóòtù àgbà. Èrò ìwòran kò gbọdọ̀ wọ ibẹ̀, ìwé ìròyìn kò sì gbọdọ̀ gbé orúkọ ọmọ náà jáde. Òfin náà kò gbà kí a rán ọmọdé lọ sí ẹ̀wọ̀n rárá. Kò sì gbà kí a dájọ́ ikú fún ẹni tí kò tíì pé ọdún 17.

Ohun ńlá ni èyí. Ṣáájú òfin yìí, ohun tí ọmọ ṣe nìkan ni kóòtù ń wò. Lẹ́yìn òfin yìí, ó di dandan kí kóòtù wo ilé tí ọmọ ti wá, ìwà rẹ̀, ẹ̀kọ́ rẹ̀ àti ìlera rẹ̀ kí ó tó pinnu ohun tí yóò ṣe fún un.

Ṣùgbọ́n òfin náà kò dúró lórí ọmọ tó jalè nìkan. Ó fún ọlọ́pàá àti òṣìṣẹ́ tí ìjọba fún láṣẹ ní agbára láti mú ọmọ tí kò ṣẹ ẹnikẹ́ni wá sí kóòtù, bí ó bá jọ pé ó nílò ìtọ́jú tàbí ààbò. Àwọn wo nìyẹn? Ọmọ òrukàn, ọmọ tí wọ́n kọ̀ sílẹ̀, ọmọ tí wọ́n ń lù ní ìlù ìkà, ọmọ tó ń rìn kiri láìní ilé, ọmọ tó ń ṣagbe, ọmọ tí òbí rẹ̀ wà ní ẹ̀wọ̀n, ọmọ tó ń bá olè tàbí aṣẹ́wó rìn, àti ọmọ tí ìwà rẹ̀ lè bàjẹ́ nítorí ibi tó wà. Òbí tí apá rẹ̀ kò ká ọmọ rẹ̀ mọ́ pẹ̀lú lè fúnra rẹ̀ mú un wá, bí ó bá yé òbí náà ohun tí yóò tẹ̀yìn rẹ̀ yọ, tí ó sì gbà bẹ́ẹ̀.

Agbára tó dé ọwọ́ òṣìṣẹ́

Ẹ jẹ́ ká wá wo ohun tí òṣìṣẹ́ Wẹ́fíà lè ṣe lábẹ́ òfin yìí ní ẹsẹẹsẹ. Ó lè mú ọmọ wá sí kóòtù. Wọ́n lè fi ọmọ náà sí ilé rìmáǹdì, ìyẹn ilé tí ọmọ ń gbé de ọjọ́ tí kóòtù yóò gbọ́ ọ̀rọ̀ rẹ̀. Òṣìṣẹ́ náà lè lọ sí ilé ọmọ, kí ó bi òbí, aládùúgbò àti olùkọ́ léèrè ọ̀rọ̀, kí ó sì kọ ohun tó rí fún adájọ́. Bí adájọ́ bá ní kí ọmọ máa gbé ilé rẹ̀, ó lè fi òṣìṣẹ́ ṣọ́ ọ fún ìgbà tí kò ní ju ọdún mẹ́ta lọ. Bí adájọ́ bá ní kí ọmọ lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ àtúnṣe ìwà, irú èyí tí wọ́n dá sílẹ̀ fún àwọn ọmọkùnrin ní Ìshẹrì, àwọn alákòóso ibẹ̀ ló ní àṣẹ lórí jíjẹ, sísùn, ẹ̀kọ́ àti ìjáde rẹ̀.

Agbára kan tún wà tó ju gbogbo ìwọ̀nyí lọ. Kóòtù lè fi ọmọ lé ẹni tó yẹ lọ́wọ́, ìbáà jẹ́ ẹbí, ìbáà jẹ́ àjèjì. Lọ́jọ́ tí kóòtù bá ti ṣe bẹ́ẹ̀, ẹni náà ní àṣẹ lórí ọmọ bí ẹni pé òun ló bí i. Ọmọ yóò sì máa wà lọ́dọ̀ rẹ̀, kódà bí ìyá tàbí bàbá rẹ̀ bá wá béèrè rẹ̀. Ẹ tún gbólóhùn yẹn kà, ẹ wo ìwọ̀n rẹ̀. Ìyá tó lóyún fún oṣù mẹ́sàn-án lè dúró ní ẹnu ọ̀nà kí ó sì gbọ́ pé òun kò lè mú ọmọ òun lọ.

Ṣé agbára náà kò wá ní ààlà ni? Ó ní. Òṣìṣẹ́ kò lè fi ọwọ́ ara rẹ̀ sọ ọmọ di ọmọ ilé ìtọ́jú. Ó ní láti gba iwájú adájọ́ kọjá. Adájọ́ náà kò dá jókòó, àwọn ará ìlú tí ìjọba yàn ń bá a jókòó. Ọmọ tó wà ní àhámọ́ kò gbọdọ̀ wà pẹ̀lú àgbàlagbà tó ṣẹ̀ sí òfin. Òfin náà tún kọ̀ kí a lo ọ̀rọ̀ tí a ń lò fún ọ̀daràn àgbà fún ọmọ tí kóòtù bá rí i pé ó jẹ̀bi. Lójú òfin, atọ́nà ni òṣìṣẹ́ Wẹ́fíà, ìwé adájọ́ sì ni ó ń tẹ̀lé.

Ṣùgbọ́n ibì kan wà tí ààlà náà ti fúyẹ́, ibẹ̀ ni kálàmù. Ìròyìn tí òṣìṣẹ́ kọ ni ojú tí adájọ́ fi ń wo ilé tí kò dé rí. Bí òṣìṣẹ́ náà bá mọ àṣà ilé Yorùbá, yóò kọ pé ọmọ yìí ń gbé lọ́dọ̀ ìyá-ìyá rẹ̀, ara rẹ̀ sì le. Bí kò bá mọ̀ ọ́n, ó lè kọ nípa ọmọ kan náà pé ìyá rẹ̀ kọ̀ ọ́ sílẹ̀. Ilé kan náà ni, ọmọ kan náà ni, àmọ́ ìròyìn kan á dá a padà sílé, èkejì á rán an lọ sí ilé ìtọ́jú. Òfin tí wọ́n kọ fún àwọn ọmọ London, níbi tí bàbá, ìyá àti ọmọ wọn nìkan ń gbé ilé kan, kò ní orúkọ fún agbo ilé.

Àwọn ọmọbìnrin tó ń kiri ọjà

Ọ̀rọ̀ àwọn ọmọbìnrin tó ń kiri ọjà ló kọ́kọ́ fi ìwọ̀n agbára yìí han àwọn ará Èkó. Ó ti pẹ́ tí àwọn obìnrin tó kàwé ní Èkó, nínú ẹgbẹ́ wọn lóríṣiríṣi, ti ń bẹ ìjọba pé kí ó bójú tó àwọn ọmọbìnrin. Oyinkan Abayomi, tó dá Ẹgbẹ́ Òṣèlú Àwọn Obìnrin Èkó sílẹ̀ ní 1944, jẹ́ ọ̀kan pàtàkì nínú àwọn tó ń jà fún ẹ̀kọ́ wọn. Ohun tó ń ba ọ̀pọ̀ nínú wọn lẹ́rù kì í ṣe àlá lásán. Ìlú kún fún sójà àti awakọ̀ òkun nígbà ogun. Ọmọbìnrin ọdún mẹ́wàá tó gbé àtẹ ẹ̀pà lọ sí ibi tí wọ́n ń mutí ní alẹ́ lè bọ́ sọ́wọ́ ènìyàn burúkú.

Nígbà tó di 1946, wọ́n ṣe ìlànà lábẹ́ òfin náà pé ọmọ tí kò tíì pé ọdún 14 kò gbọdọ̀ kiri ọjà ní Èkó. Wọ́n sì dín ibi àti àkókò tí àwọn ọmọbìnrin tó ju bẹ́ẹ̀ lọ díẹ̀ lè kiri kù. Ní ọdún yìí kan náà ni Alison Izzett dé láti máa bójú tó ọ̀rọ̀ àwọn ọmọbìnrin ní Wẹ́fíà. Ọlọ́pàá àti òṣìṣẹ́ Wẹ́fíà bẹ̀rẹ̀ sí í mú àwọn ọmọbìnrin pẹ̀lú igbá lórí wọn. Àwọn òbí ń lọ sí kóòtù, wọ́n ń san owó ìtanràn.

Inú bí àwọn obìnrin ọjà. Ẹgbẹ́ wọn kò kéré. Alimotu Pelewura, tí ó jẹ́ olórí wọn, ti kó wọn lẹ́yìn dojú kọ ìjọba lórí owó-orí ní 1940. Lójú wọn, ọmọ tó ń kiri kì í ṣe ọmọ tí kò ní aláàbò. Ìkiri ni ilé-ẹ̀kọ́ òwò. Ibẹ̀ ni ọmọbìnrin ti ń kọ́ bí a ṣe ń ka owó, bí a ṣe ń dúnàádúrà, bí a ṣe ń mọ oníbàárà tí kò ní san gbèsè. Ibẹ̀ náà ni owó oúnjẹ ilé ti ń wá, àti owó ilé-ìwé ọmọ mìíràn. Wọ́n fi ẹ̀hónú hàn sí ìjọba pé Wẹ́fíà ń mú àwọn ọmọ wọn bí ẹni mú olè.

Ta ló jàre? Èmi kò rò pé ẹnì kan ló jàre tán. Ewu tí òṣìṣẹ́ rí wà níbẹ̀ lóòótọ́. Ìwúlò tí ìyá rí wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Ohun tó wọ́ nínú ọ̀rọ̀ náà ni pé òfin gba ìkiri lọ́wọ́ ìyá láì fi ohun mìíràn dípò rẹ̀. Kò sí ilé-ìwé ọ̀fẹ́ fún gbogbo ọmọ ní Èkó ní 1946. Ọmọ tí wọ́n mú kúrò ní títì kò ní àyè tó ń dúró dè é ní kíláàsì. Àwọn àgbà ní bí a bá fi ọwọ́ òsì bá ọmọ wí, ká fi ọwọ́ ọ̀tún fà á mọ́ra. Ọwọ́ òsì ni òfin náà kọ́kọ́ nà.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Britain

Kí ẹnikẹ́ni má rò pé Èkó nìkan ni irú agbára yìí ti yí padà di ìṣòro. Ní ilẹ̀ Britain gan-an, níbi tí òfin náà ti wá, ohun kan ṣẹlẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1945 tó mú kí gbogbo ìlú béèrè irú ìbéèrè tí àwọn obìnrin ọjà Èkó ń béèrè.

Ọmọkùnrin kan wà láti Newport, ní ilẹ̀ Wales, tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Dennis O'Neill. Kóòtù ti gba òun àti àwọn àbúrò àti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lọ́wọ́ òbí wọn nítorí àìtọ́jú, ó sì fi wọ́n lé ìgbìmọ̀ ìlú Newport lọ́wọ́ gẹ́gẹ́ bí ẹni tó yẹ. Gbólóhùn òfin tí a kà lẹ́ẹ̀kan, tó sọ àjèjì di òbí, ni wọ́n lò. Ìgbìmọ̀ náà fi Dennis sí ọwọ́ alágbàtọ́ kan ní oko kan ní Shropshire. Alágbàtọ́ náà ń lù ú, ebi sì ń pa á. Ní ọjọ́ 9 oṣù kìn-ín-ní ọdún 1945, Dennis kú. Ọmọ ọdún 12 ni.

Wọ́n rán alágbàtọ́ náà lọ sí ẹ̀wọ̀n ọdún mẹ́fà. Ṣùgbọ́n ìwádìí tí ìjọba ṣe fi hàn pé ọ̀rọ̀ náà ju ìkà ènìyàn kan lọ. Àwọn tó gba ọmọ náà lọ́wọ́ òbí rẹ̀ kò mójú tó ibi tí wọ́n fi í sí bó ti yẹ. Lórí ìwé, ìgbìmọ̀ ìlú ni òbí Dennis. Ní òtítọ́, kò sí ojú kankan lára rẹ̀. Àwọn igba ojú tí àwọn bàbá wa sọ kò sí níbẹ̀.

Ìjọba Britain yan ìgbìmọ̀ kan tí obìnrin kan tó ń jẹ́ Myra Curtis jẹ́ alága rẹ̀, wọ́n sì gbé ìròyìn wọn jáde ní 1946. Láti inú rẹ̀ ni Òfin Ọmọdé ti 1948 ti jáde. Òfin yìí pa á láṣẹ pé kí ìgbìmọ̀ ìlú kọ̀ọ̀kan yan òṣìṣẹ́ kan tí iṣẹ́ rẹ̀ yóò jẹ́ ọ̀rọ̀ àwọn ọmọ. Ó ní ire ọmọ ni kí ìgbìmọ̀ máa wá nínú gbogbo ohun tó bá ń ṣe fún un. Ó fún ìgbìmọ̀ lágbára láti gba ẹ̀tọ́ òbí lórí àwọn ọmọ kan, ṣùgbọ́n ó gba òbí láàyè láti kọ ìwé pé òun kò gbà. Bí òbí bá kọ̀, àfi kí ìgbìmọ̀ lọ sọ ti ẹnu rẹ̀ ní kóòtù. Bí ikú ọmọ kan ṣe so ìjánu mọ́ agbára nìyẹn.

Ìjánu náà kò wọ ọkọ̀ òkun wá sí Èkó. Òfin tí wọ́n mú wá ní 1943, pẹ̀lú àtúnṣe díẹ̀díẹ̀, ni a ń lò títí a fi gba òmìnira ní 1960, ó sì tún tẹ̀síwájú fún ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn náà.

Òfin Ẹ̀tọ́ Ọmọ

Ní 2003, ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin ní Abuja ṣe Òfin Ẹ̀tọ́ Ọmọ. Nítorí pé ọ̀rọ̀ ọmọ wà lọ́wọ́ ìpínlẹ̀, ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan ní láti ṣe tirẹ̀. Ìpínlẹ̀ Èkó ṣe tirẹ̀ ní 2007, gbogbo ìpínlẹ̀ mẹ́fà tó wà ní ìwọ̀-oòrùn gúúsù ló sì ti ní i báyìí.

Òfin yìí yí ìdáhùn sí ìbéèrè wa padà ní ọ̀nà púpọ̀. Lákọ̀ọ́kọ́, ó gbé ọjọ́ orí sókè: ẹnikẹ́ni tí kò bá tíì pé ọdún 18 ni ọmọ. Ìkejì, ó ní ire ọmọ ni kí a fi ṣáájú nínú gbogbo ìpinnu lórí rẹ̀. Ìkẹta, ó ní a kò gbọdọ̀ ya ọmọ kúrò lọ́dọ̀ òbí rẹ̀ láìjẹ́ pé wọ́n fẹ́, àfi fún ẹ̀kọ́ àti ire rẹ̀, tàbí bí ilé-ẹjọ́ bá pinnu pé bẹ́ẹ̀ ló ṣe é ní àǹfààní. Ìkẹrin, ó mú ẹgba kúrò. Lábẹ́ òfin 1943, adájọ́ lè ní kí wọ́n na ọmọ ní pàṣán. Lábẹ́ òfin 2003, kò sí ẹ̀wọ̀n, kò sí ẹgba, kò sì sí ìdájọ́ ikú fún ọmọ.

Òṣìṣẹ́ Wẹ́fíà àtijọ́ ti di òṣìṣẹ́ ìdàgbàsókè ọmọ nínú òfin tuntun. Ó ṣì lè mú ọmọ tó nílò ààbò wá sí ilé-ẹjọ́. Ọlọ́pàá náà lè ṣe bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n Kóòtù Ẹbí ni wọn yóò gbé e lọ, níbi tí ọmọ ti ní ẹ̀tọ́ láti ní agbẹjọ́rò láìsan kọ́bọ̀, tí ó sì ní ẹ̀tọ́ láti fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ohun tó wà lọ́kàn rẹ̀. Ní ẹ̀yìn ọjọ́, àwọn tí òfin fún láṣẹ lè lọ yẹ ilé tí wọ́n ń tọ́jú ọmọ sí wò.

Ìyàtọ̀ tó tóbi jù lọ wà nínú gbólóhùn kan. Òfin àtijọ́ sọ pé ọmọ yóò máa wà lọ́dọ̀ ẹni tí kóòtù fi í lé lọ́wọ́, kódà bí òbí bá wá béèrè. Òfin tuntun sọ pé ojúṣe òbí kì í bọ́ lọ́rùn rẹ̀ kìkì nítorí pé ẹlòmíràn náà ti gba irú ojúṣe bẹ́ẹ̀. Ìyá tó dúró ní ẹnu ọ̀nà ní 1946 jẹ́ àlejò lójú òfin. Ìyá tó dúró ní ẹnu ọ̀nà lónìí ṣì jẹ́ ìyá. Wọ́n lè má fún un ní ọmọ rẹ̀ lọ́jọ́ náà, bí ewu bá wà nílé. Ṣùgbọ́n ó ní ẹ̀tọ́ láti mọ ìdí, ó sì ní ibi tí ó lè lọ sọ tirẹ̀.

Ohun tó yẹ ká máa béèrè

Òfin tó dára lórí ìwé kò tíì di ààbò. Ìwé tí ẹnikẹ́ni kò mọ̀ kò lè gba ẹnikẹ́ni sílẹ̀. Ní Èkó, ilé àtúnṣe ìwà fún àwọn ọmọ ṣì wà ní Ìshẹrì, ní Ọ̀rẹ̀gún àti ní Ìdí-Àràbà. Àwọn ilé ọmọ òrukàn tí ìjọ àti ẹgbẹ́ aládàáni ń ṣàkóso wà káàkiri ilẹ̀ wa. Ọmọ wà nínú wọn lónìí.

Nítorí náà, ẹ̀yin òbí, ẹ̀yin olùkọ́, àti ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ ẹlẹgbẹ́ mi, ìbéèrè mẹ́rin ni mo rò pé ìtàn yìí kọ́ wa láti máa béèrè nígbàkúùgbà tí ẹnikẹ́ni bá ní òun ní àṣẹ lórí ọmọ kan. Ìwé wo ló fún ọ láṣẹ? Adájọ́ wo ló tọwọ́ bọ̀ ọ́? Ọjọ́ wo ni yóò parí? Ta ló ń wá wo ọmọ náà, kí ó sì bá a sọ̀rọ̀ láìsí ìwọ níbẹ̀?

Òṣìṣẹ́ tó ń ṣe iṣẹ́ rẹ̀ dáadáa kò ní bínú sí àwọn ìbéèrè wọ̀nyí. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ń ṣe iṣẹ́ tó le. Àwọn ló ń gbé ọmọ jáde ní ilé tí wọ́n ti fẹ́ lù ú pa, àwọn ló ń wá ẹbí fún ọmọ tí wọ́n jù sí ẹ̀bá ọ̀nà. Láìsí agbára tí òfin yá wọn, ọwọ́ wọn kò ní tó ilẹ̀kùn ilé bẹ́ẹ̀. Ìbéèrè wa kì í ṣe láti gba agbára náà lọ́wọ́ wọn. Òun ló ń jẹ́ kí agbára náà mọ́. Bí òṣìṣẹ́ rere bá fi ìwé hàn wá, ọkàn tiwa àti tirẹ̀ yóò balẹ̀. Ẹni tí kò ní ìwé ni yóò máa pariwo.

Ọmọ ta ni ọmọ tó wà ní ilé ìtọ́jú, nígbà náà? Kì í ṣe ọmọ òṣìṣẹ́, kì í sì í ṣe ọmọ ìjọba. Ọmọ ilé kan ni, tí ìlú ń bá ilé náà tọ́jú fún ìgbà díẹ̀. Dennis O'Neill ní ìgbìmọ̀ ìlú kan gẹ́gẹ́ bí òbí, ó ní ìwé kóòtù, ó ní fáìlì. Ohun tí kò ní ni ẹnì kan tó ń wá wò ó déédéé. Iṣẹ́ yẹn kò nílò àṣẹ kóòtù. Ó wà lọ́wọ́ gbogbo wa.